Òkúta Tí Dádì Mi Pè Ní Góòlù

Ọdún tí omi kànga wa di tíì ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni da tíì sí i. Bí a bá fa omi náà láàárọ̀, á mọ́ gaara, ṣùgbọ́n bó bá fi máa di ọ̀sán, á ti yí padà nínú garawa, á pọ́n, èérí kan tó dà bí ògì bàbà á sì sùn sí ìsàlẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Mọ́mì fi omi yìí fọ aṣọ funfun tí a ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Díẹ̀díẹ̀ ni aṣọ náà ń kúrò ní funfun. Ó kọ́kọ́ dà bí eyín àgbàlagbà, lẹ́yìn náà ó dà bí àkàrà tí òróró rẹ̀ kò gbóná tó. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi kan, olùṣọ́-àgùntàn wa wò wá láti iwájú títí, gbogbo wa márààrún lórí bẹ́ǹṣì kan, ó sì béèrè níṣojú ìjọ pé, "Ìdílé Bàbá Tóyìn, ṣé ẹ ti dá ìjọ tiyín sílẹ̀ ni?" Èmi ni Tóyìn tí wọ́n fi ń pe Dádì. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Ilé tí bàbá bàbá mi kọ́ sí Ìkòsí ni à ń gbé, àwa ní iwájú, àwọn ayálégbé ní ẹ̀yìn. Kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa la ti máa ń gbọ́ fèrè àwọn tírélà tó ń kó tòmátò bọ̀ ní Máìlì Twelve, a ó gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta ojúlé kejì, a ó gbọ́ ìpè àdúrà, agogo ṣọ́ọ̀ṣì á sì tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ariwo tó ju gbogbo rẹ̀ lọ, inú pálọ̀ tiwa ló wà. Dádì mi ń tún aago ṣe ní Kétu. Èyí tó bá tún ṣe tí ẹni tó ni ín kò padà wá gbà, ilé ló ń gbé e wá, ó sì ń fi kọ́ ara ògiri. Mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tó bá èkejì mu. Bí ọ̀kan bá lu aago méje, òmíràn á lu mẹ́ta. Màmá Ìjẹ̀bú, ìyá Dádì, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, máa ń sọ pé ilé tí aago bá ti pọ̀ jù, àkókò kì í sí níbẹ̀. Ní ọdún yẹn, fóònù alágbèéká ti ń wọ ọwọ́ gbogbo èèyàn, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wo aago. Ìgbà míì wà tí Dádì á jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ẹni kan ṣoṣo má yà. Mi ò mọ ohun tí èyí jẹ́ fún ọkùnrin nígbà náà. Ó ti yé mi báyìí, òun ni mo ṣe ń fojú àánú wo ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, bó tilẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Àbúrò Mọ́mì, Àǹtí Fúnkẹ́, náà wà lọ́dọ̀ wa. Yunifásítì ló wà, àwọn olùkọ́ wọn daṣẹ́ sílẹ̀, ni gbogbo wọn bá padà sílé. Jiọ́lọ́jì ló ń kọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò wọ Dádì létí rí. Ó ní kí ọmọbìnrin fi ilé sílẹ̀ kó lọ máa ka ìwé nípa òkúta, ṣé òkúta ti wá béèrè ẹni tó máa kà á ni? Nígbà tí ìdáṣẹ́sílẹ̀ náà wọ oṣù kẹrin, Dádì bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ńlá ní Ògùdù, tí a ń pè ní Mọ́mì Ògùdù. Wọ́n fẹnu kò pé bí oṣù bá parí, Àǹtí Fúnkẹ́ á lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì ní padà sí yunifásítì mọ́. Àǹtí Fúnkẹ́ kò janpata. "Ẹ ṣé, Bùọ̀dá," ló sọ, ó wọ yàrá lọ. Yàrá kan náà la jọ ń sùn. Mo rí i tó jókòó sórí ẹní, tó ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀ sójú ewé kan, tí kò sì ṣí òmíràn títí tí mo fi sùn.

Nítorí ọ̀rọ̀ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni Dádì ṣe pe agbẹ́kànga kan, Bàbá Mọ́rúfù, ará ìhà Ọ̀yọ́, pé kó wá gbẹ́ tuntun fún wa lẹ́yìn ilé. Bàbá Mọ́rúfù kéré bí ọmọdé, ṣùgbọ́n bó bá wọ inú ilẹ̀, o kò ní gbọ́ ju gbì, gbì, àti orin tó ń kọ lábẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, orin náà dúró. Ó ké sókè pé kí wọ́n fa okùn, òkúta kan sì jáde wá nínú garawa. Ó tó orí ọmọ ọwọ́. Ara rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó rí wúrúwúrú bí èso àjàrà tó so mọ́ra, ṣùgbọ́n níbi tí ṣọ́bìrì ti gbá a, ó pọ́n bí inú ẹyin adìẹ ìbílẹ̀.

"Ọ̀gá, òkúta yìí wúwo ju bó ṣe mọ lọ," Bàbá Mọ́rúfù sọ nígbà tó jáde. "Mo ti rí irú ẹ̀ rí o, nígbà tí mo gbẹ́ kànga kan ní Alápẹ̀rẹ̀—"

"Ẹ pa ẹnu mọ́," Dádì dá a dúró. Ó yọ awò kékeré tó fi ń wo inú aago láti àpò, ó há a sójú ọ̀tún, ó sì tẹ orí ba òkúta náà nínú oòrùn. Ó pẹ́ kó tó gbé orí sókè. Nígbà tó gbé e, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ogún ọdún ni mo ti ń ṣí ìdí aago góòlù. Góòlù kò lè fara pamọ́ fún mi."

Láti ìṣẹ́jú yẹn ni ayé ti yí padà nílé wa. Dádì fi páànù bo ojú kànga náà, ó gbé bíríkì mẹ́rin lé e. Ó ní kí a sọ fún àwọn ayálégbé pé ejò ló wà níbẹ̀. Ó fi ògbólógbòó ìró Màmá Ìjẹ̀bú wé òkúta náà, ó sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní Bàbá Mọ́rúfù kò gbọdọ̀ lọ sí ibì kankan, kó má baà lọ ṣòfófó. Bàbá Mọ́rúfù kò ṣe ìjà kankan. Ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń jẹ gàrí wa láàárọ̀, ó ń jẹ ẹ̀bà wa lálẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi í ní ohun tó ń ṣe, á ní ejò lòun ń ṣọ́. Ní tiwa, kànga àtijọ́ ń yọ tíì, tuntun ń bẹ lábẹ́ páànù, a wá di ẹni tó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lóòjọ́ fún ilé odindi. Abọ́ omi méjì péré ni wọ́n ń fún mi láti fi wẹ̀, Mọ́mì á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ kí n má bù kún un. Olùkọ́ ni Mọ́mì, ohun tó bá rú u lójú, kì í pariwo lé e lórí, ìbéèrè ló máa ń bi. "Bàbá Tóyìn, kí lẹ fẹ́ fi góòlù yẹn rà?" Dádì ní òun máa fi gbẹ́ kànga. Mọ́mì wo páànù, ó sì wo Dádì.

Ẹnì kan ṣoṣo tí Dádì kò jẹ́ kó fọwọ́ kan òkúta náà ni ẹni tó mọ òkúta. Ó ní Àǹtí Fúnkẹ́ á sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, wọ́n á sì kó ṣọ́bìrì wá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Dádì wà ní Kétu, Àǹtí pè mí. "Tóyìn, ṣé o mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà?" Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn aago kẹfà lára ògiri pálọ̀ ni. Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo gbé òkúta náà jáde sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, èmi fúnra mi ni mo sì fi òòlù lù ú, torí Àǹtí ní òun ti ṣèlérí pé òun kò ní fọwọ́ kàn án. Ẹyọ kan fò jáde tó tó ìka mi. Inú rẹ̀ tò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n dì. Àǹtí Fúnkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wò ó, ó fọ́. Góòlù kì í fọ́. Bí o bá fi òòlù lù ú, pípẹlẹbẹ ló máa pẹlẹbẹ."

Ó ní kí n wá táìlì wá fún òun. Kò sí táìlì tó já sílẹ̀ nílé wa, mo bá lọ yọ ọ̀kan tó ti ń mì lára ògiri balùwẹ̀. Ó ní òkúta inú ìró lòun ṣèlérí lé lórí, kì í ṣe ẹyọ tó já lára rẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn táìlì náà sókè, ibi tí kò dán, ó fi ẹyọ òkúta náà fà á bí ẹni fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé. Ìlà tó fà sílẹ̀ kò dúdú bí ara òkúta, kò dán bí góòlù. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi kànga wa. "Òkúta lè fi ara tan èèyàn," ló sọ fún mi, "ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun rẹ̀ kì í purọ́." Ó gbé òòfà tí a yọ nínú sípíkà rédíò tó ti kú sún mọ́ ọn, òòfà kò gbé e. Ó fi ìṣó ha á, agbára káká ni ìṣó fi ha á. Lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ ọ́ kúnná. Mo lọ̀ ọ́ lórí ọlọ kékeré, mo dà á sínú agolo mílíìkì tó gbẹ, a gbé e ka iná èédú. Ó mú abọ́ tútù kan, ó dà á dé ẹnu agolo náà. Nígbà tó yá, ó ṣí i, ẹ̀kán omi wínníwínní ti wà lára abọ́. Mo ti fẹ́ sọ pé èmi ni mi ò nù ún gbẹ, àfi bí mo ṣe wo inú agolo. Ìyẹ̀fun tó pọ́n rúsúrúsú ti di pupa fòò, bí ata gígún. Mi ò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Àǹtí gbé agolo náà sórí fèrèsé ilé ìdáná kó tutù, ó ní òun fẹ́ fi han Bùọ̀dá lọ́jọ́ tó bá rí ojú rẹ̀ re.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ Ìsinmi. Ìkọ́kọrẹ́ ni Màmá Ìjẹ̀bú sè, kò sì sí ẹni tó ń bá a sè é. Ó máa ń sọ pé ọwọ́ méjì nínú ìkọ́kọrẹ́, ọwọ́ kan á ba ti èkejì jẹ́. Ó rin ewùrà, ó kó ẹja gbígbẹ sí i, ó sì rí i pé pupa rẹ̀ kò tó. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn. Agolo kan tí ohun pupa wà nínú rẹ̀ wà lórí fèrèsé. Gbogbo wa jókòó yí abọ́ ká, Bàbá Mọ́rúfù náà wà níbẹ̀. Òkèlè àkọ́kọ́ tí Dádì fi sẹ́nu, ó dúró. Ó tún jẹ ẹ́. Ohun kan ń dún kéékéé láàárín eyín rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ṣan ẹja yìí?"

"Mo ṣàn án nígbà mẹ́ta," Màmá Ìjẹ̀bú dáhùn. "Ata yẹn ni kò ta. Mo da gbogbo rẹ̀ sí i, kò ta rárá. Ta ló ra ata burúkú yẹn?"

Àǹtí Fúnkẹ́ fi òkèlè sílẹ̀. Mo wo Àǹtí, Àǹtí wò mí, Mọ́mì sì wo àwa méjèèjì, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní ibi tó máa gbà mọ́ ju ẹnu lọ. Èmi ni mo sọ ọ́. Mo ní, "Dádì, góòlù ni." Gbogbo aago mọ́kànlá ni mo gbọ́. Dádì wo òkèlè ọwọ́ rẹ̀, ó wo inú abọ́, ó wo ẹnu kálukú wa bí ẹni tó ń ka ohun tí a ti gbé mì. Bàbá Mọ́rúfù ní tirẹ̀ bu òkèlè mìíràn. Ó ní bó bá jẹ́ góòlù ni, òun kò ní jẹ́ kí tòun ṣòfò.

Ìgbà yẹn ni Àǹtí Fúnkẹ́ kúnlẹ̀, ó sì ṣàlàyé. Ó mú táìlì wá, ó mú òkúta wá, ó fà á lójú gbogbo wa. "Irin ni, Bùọ̀dá. Irin tó ti dógùn-ún nínú ilẹ̀ láti ayébáyé, tó sì mu omi mọ́ra. Bí a bá yan án lórí iná, omi inú rẹ̀ á gbẹ, á di pupa. Gótáìtì là ń pè é." Èmi gbọ́ góòtì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tó kan ewúrẹ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní irin yìí kan náà ló wà nínú omi wa. Bó bá ṣì wà nísàlẹ̀, ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i nínú garawa, á dógùn-ún, á sùn sílẹ̀, òun ló sì pa aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wa láró. Ó ní jíjẹ rẹ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni. Màmá Ìjẹ̀bú ní òun kò bẹ̀rù ikú, ìkọ́kọrẹ́ òun tó bàjẹ́ ló ń dun òun.

Dádì kò gbà. Ó ní ìwé ti kún orí Fúnkẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó tún fi ìró wé òkúta náà, ó gbé e sínú báàgì, ó ní kí Àǹtí àti èmi tẹ̀ lé òun, a ó lọ bá alágbẹ̀dẹ góòlù kan tó mọ̀ ní Alápẹ̀rẹ̀, kí gbogbo wa lè jọ gbọ́ ọ. Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ obì ni alágbẹ̀dẹ náà. Kò yọ òkúta náà tán nínú ìró kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá Tóyìn, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Kí ló dé tí ẹ wé yangí báyìí?"

Síbẹ̀ ó bá wa dán an wò, torí Dádì bẹ̀ ẹ́. Ó mú òkúta dúdú pẹlẹbẹ kan tó fi ń dán góòlù wò, ó fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ fa ìlà kan, ìlà náà ń tàn. Ó fi òkúta tiwa fa òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹrẹ̀ lásán. Dádì tẹ orí ba ìlà méjèèjì fún ìgbà pípẹ́. Alágbẹ̀dẹ náà ní kí ó má bínú, pé ojú tó bá ń wá nǹkan, ó máa ń rí i. Dádì wá nàka sí Àǹtí Fúnkẹ́. "Ọmọ yìí ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ẹ̀yìn táìlì ló fi dán an wò." Bàbá náà yí padà, ó wo Àǹtí dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ?" Àǹtí ní yunifásítì ni. Bàbá náà ní ọdún méje lòun fi kọ́ ọ lọ́dọ̀ bàbá òun, ìyà sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹsẹ̀ la fi rìn padà. Dádì ń lọ níwájú láti Alápẹ̀rẹ̀ títí dé Kétu, kò bojú wẹ̀yìn. Mo rò pé inú ń bí i sí wa, mo sì ń ronú ibi tí n ó sá sí. Níwájú obìnrin kan tó ń yan bọ̀ọ̀lì, ó dúró, ó ra mẹ́ta, ó fún Àǹtí ní èyí tó tóbi jù. Mo ti dàgbà báyìí, mo sì mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Nígbà yẹn, bọ̀ọ̀lì lásán ni mo rí.

"Fúnkẹ́," ó sọ láì wo ojú rẹ̀, "irú iṣẹ́ yìí, ta ló máa ń wá a?"

"Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, Bùọ̀dá. Ẹni tó bá fẹ́ wa ilẹ̀. Ẹni tó ń wá omi."

Ó jẹ bọ̀ọ̀lì rẹ̀ títí. "Àwa ńkọ́? Àwa ń wá omi."

Àǹtí ní ibi tí irin náà pọ̀ sí kò nípọn púpọ̀ lójú òun. Ó ní kí Bàbá Mọ́rúfù gbẹ́ ẹ kọjá títí ilẹ̀ fi máa funfun, kí wọ́n fi ríǹgì oníkọnkéré dí ibi tó pọ́n yẹn pa, kí omi rẹ̀ má baà ṣàn wọlé. Ó ní òun kò lè búra. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á, torí bí omi náà bá tún pọ́n, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, abẹ́rẹ́ àti òwú ló kù. Nígbà tí a délé, Dádì fúnra rẹ̀ ló ká bíríkì kúrò lórí páànù. Ó sọ fún Bàbá Mọ́rúfù pé ohun tí ọmọ yìí bá wí ni kó ṣe. Bàbá Mọ́rúfù ní òun ti fẹ́ sọ ọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé bí wọ́n ṣe ṣe é ní Alápẹ̀rẹ̀ nìyẹn, wọ́n ní kóun pa ẹnu mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀ tó ń jáde pọ́n, ó pọ́n, ó tún pọ́n, Àǹtí Fúnkẹ́ kò sì lè jẹun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, garawa kan gòkè wá pẹ̀lú iyanrìn funfun, orin Bàbá Mọ́rúfù sì bẹ̀rẹ̀ padà nísàlẹ̀. Nígbà tí ríǹgì wọlẹ̀ tán tí omi sì tòrò, Mọ́mì bu garawa kan, ó gbé e sí àárín àgbàlá láti àárọ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Gbogbo ilé ń gba ibẹ̀ kọjá láì níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Àwọn ayálégbé béèrè bóyá ejò yẹn ló wà nínú garawa. Ó di aago mẹ́rin lórí fóònù Mọ́mì, omi náà ṣì mọ́, a ń rí ìdí garawa kedere.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni oṣù parí, Mọ́mì Ògùdù sì dé láti wá mú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó wọ aṣọ àǹkárá tó rán fúnra rẹ̀, ó jókòó sí pálọ̀, ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan ti ń dúró de Fúnkẹ́. Dádì fọwọ́ pa orí. Ó ní kí ìyá jọ̀ọ́, kó fojú fo òun, pé òun sọ̀rọ̀ ṣáájú ọgbọ́n. Ó ní iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ ọmọ náà.

"Iṣẹ́ wo?" Mọ́mì Ògùdù béèrè, ojú rẹ̀ sì le.

Mi ò rò pé Dádì mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó la ẹnu. Ó ní iṣẹ́ kó wo ilẹ̀, kó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kó sọ ìdí tí omi fi ń pọ́n. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tó fi máa ń ṣàlàyé ìdí tí aago fi dúró. Màmá Ìjẹ̀bú bu omi tuntun wá nínú ife gíláàsì, ó gbé e fún àlejò. Mọ́mì Ògùdù kò mu ún. Ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó títí, ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó ní tiwọn lọ́hùn-ún ti pọ́n láti bí ọdún méjì, pé òun kò lè rán aṣọ funfun fún ìyàwó kankan kóun sì fọ̀ ọ́ nílé. Ó yíjú sí Àǹtí Fúnkẹ́, kò sì pè é ní Fúnkẹ́ mọ́.

"Àǹtí, ṣé ẹ lè bá wa wò ó lónìí?"

Àǹtí Fúnkẹ́ wọ yàrá, ó pààrọ̀ bàtà. Mo sáré kó táìlì àti òòfà sínú báàgì ìwé mi, mo sì fi kọ́ ọ léjìká. Nígbà tí mo fi máa dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti kọjá gọ́tà, wọ́n kọrí sí ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Ògùdù, Mọ́mì Ògùdù níwájú, Àǹtí Fúnkẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dádì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó fi ìwọ̀nba àyè sílẹ̀. Òun ló gbé òòlù.